Ìwé Orin Abẹ́ Orí Àbúrò Mi

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òmù-Àrán. Kò sí ọdún kan nínú wọn tí n kò fi rúlà gbá tábìlì sọ fún kíláàsì mi pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá lè wọ̀n, kí wọ́n má ṣe búra lé e. Bí mo bá ti sọ ọ́ tán, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè wọlé dáadáa. Mo gba ti ara mi púpọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ìyá mi ti kú báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè jókòó kọ ohun tí mo fi gbogbo ìmọ̀ yẹn ṣe fún un.

Nínú ọmọ márùn-ún tó bí, àwa méjì ló kù fún un. Èmi ni àgbà. Àbúrò mi ń gbé ní Èkó, ó ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, kò tíì gbéyàwó, ẹni ọdún méjìdínlógójì sì ni nígbà tí àìsàn ọjọ́ mẹ́rin gbé e lọ. Èmi àti àbúrò bàbá wa, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, la lọ sin ín sí Èkó lọ́hùn-ún. A kò gbé e wálé. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ bá kú lójú òbí rẹ̀, òbí kò gbọdọ̀ rí òkú, kò sì gbọdọ̀ mọ ojú oórì. Onígbàgbọ́ ni wá láti ayé bàbá bàbá mi, àmọ́ èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. N kò rí ẹni tó bá wa jiyàn rẹ̀ rí.

Àwọn àgbà ìjọ márùn-ún ló lọ túfọ̀ fún ìyá mi ní Èsìẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ní kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n jókòó tán. Ó wo bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàtà yìí ti pọ̀ jù fún ìkíni lásán. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni?" Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti já fọ́tò àbúrò mi kúrò lára ògiri pálọ̀. Láti ọjọ́ náà, a kì í dárúkọ rẹ̀ lójú ìyá wa. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì fẹ́ pè é, ẹlòmíràn á wúkọ́. Àwọn ẹrù rẹ̀ tí mo kó bọ̀ láti Èkó, mo tì wọ́n mọ́ yàrá kan nílé mi ní Òmù-Àrán: aṣọ rẹ̀, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, àti ìwé orin Yorùbá tí ìyá wa fún un lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé e lórí. Ìyá mi ti fi bírò aláwọ̀ ewé kọ àdúrà kúkúrú sí ẹ̀yìn èèpo rẹ̀.

Wọ́n máa ń ní ọmọ ẹni kú ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Àbúrò mi kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nínú ilé yẹn, ìyá mi kò rí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ẹni tó nù. Obìnrin tó ṣì ń lọ oko ẹ̀gẹ́ ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kò jáde mọ́. Bó bá ti fẹnu kan ẹ̀kọ lẹ́ẹ̀mejì, ó di kí a gbé e kúrò níwájú rẹ̀. Ó rù títí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ fi ń bọ́ sínú omi ìfọwọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé a ó sin méjì lọ́dún kan.

Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn ikú náà, ìyàwó mi lọ kí i, ó sì padà wá sọ fún mi pé Màmá ti ń jẹ iyán. Inú mi dùn. Ó ní wọ́n tilẹ̀ ń kọrin nídìí ààrò. Inú mi tún dùn sí i. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Bàbá Kékeré ló ń fi mọ́tò gbé wọn lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan lọ́nà Òmùpò ní gbogbo Sátidé. Àbúrò yín ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Abókùúsọ̀rọ̀ ni obìnrin náà. Inú ìwàásù nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, oníwàásù á sì fajú ro bó bá ti ń pè é. Àwọn tó ń lọ bá a ń pè é ní Ìyá Ẹ̀yìn-Aṣọ, nítorí ó ta aṣọ funfun kan sórí okùn ní igun pálọ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn aṣọ náà ló ń jókòó sí, ibẹ̀ ni òkú ti ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò gbowó. Iṣu tàbí èlùbọ́ tí ẹ bá mú dání náà ni. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù, torí kò jẹ́ kí n rí i pè ní olè.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá wọn wọ mọ́tò. Bàbá Kékeré, àgbà ìjọ pátápátá, kò wo ojú mi títí a fi kọjá Àjàṣẹ́. Mo ní, "Bàbá Kékeré, ṣé bíṣọ́ọ̀bù mọ̀ sí ìrìn yìí?"

Ó ní, "Ṣé bíṣọ́ọ̀bù ló mú kí màmá ẹ jẹun?"

Ìyá mi ń wo ojú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn.

Lábẹ́ igi kájú tó wà níwájú ilé obìnrin náà, àwọn bí mẹ́jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń retí òkú tiwọn. Wọ́n jẹ́ kí ìyá mi kọ́kọ́ wọlé lọ kí obìnrin náà, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wá pè wá. A jókòó síwájú aṣọ funfun. Ohùn kan jáde, ó nípọn ju ti obìnrin lọ, kò sì nípọn tó ti ọkùnrin. Ìgbómìnà ìlú wa pọ́ńbélé ló ń sọ. Mo kọ ọ́ síbí ní Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀fọ́rí yẹn ń kọ́?" Ìyá mi ní ó ti lọ, ọmọ òun. Ohùn náà rántí ọjọ́ tó jábọ́ lórí igi kájú. Ó rántí ajá wa tó yarọ. Ó wá kọjú ọ̀rọ̀ sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ẹ dúró tì mí títí dé òpin."

Ara mi tutù. Kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́. Ohun tí mo mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ló mú un tutù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì àìsàn náà, àbúrò mi pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù. Mò ń máàkì ìwé ìdánwò. A ti jà ní oṣù méjì ṣáájú, ó ní mo máa ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ kíláàsì mi ni wọ́n, mo sì ti pinnu pé màá jẹ́ kí ó kọ́gbọ́n. Mo wo fóònù náà bó ṣe ń dún lórí tábìlì, mo fi ìwé ìdánwò bò ó. N kò pè é padà lọ́jọ́ náà. N kò pè é lọ́jọ́ kẹta. Aládùúgbò rẹ̀ ló fi fóònù rẹ̀ pè mí lọ́jọ́ kẹrin, pé kí n máa bọ̀, ó ti dákẹ́.

Nítorí náà, mo ti mọ̀ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ pé irọ́ ni ohùn yẹn. Bó bá ṣe pé àbúrò mi ló wà lẹ́yìn aṣọ, ọpẹ́ kọ́ ni ì bá dá mi. Ẹ̀rí tó dájú jù wà nínú àpò mi, n kò sì lè fà á yọ. Síbẹ̀, ẹ̀rù obìnrin náà ń bà mí. Ọ̀sẹ̀ yìí ajá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ igi kájú; ta ló mọ ìgbà tí yóò ṣèèṣì kan fóònù tó ń dún lábẹ́ ìwé ìdánwò, lójú ìyá mi? Mo pinnu pé màá pa á lẹ́nu mọ́ kó tó débẹ̀. Ìwádìí ni mo pè é. Mo rí i pé ìyá mi ń jẹun, mo rí i pé ó ti padà sóko, ojú mi kò fọ́. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ìwé ìtàn àròsọ kan wà ní láíbìrárì ilé ẹ̀kọ́ wa, èèpo rẹ̀ ti ya dànù, nípa àwọn dókítà òyìnbó ayé àtijọ́ tó ń wádìí àwọn abókùúsọ̀rọ̀ ìlú tiwọn. Wọ́n á fi òwú so wọ́n mọ́ àga, wọ́n á wọ́n ìyẹ̀fun sílẹ̀, wọ́n á máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń ka ìwé iṣẹ́. Àwọn ìyá àti opó pọ̀ nínú ìtàn náà, wọ́n jókòó yí tábìlì ká, àmọ́ n kò kọbi ara sí wọn. Àwọn dókítà ni mò ń wò.

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun. Ní Sátidé kejì, nígbà tí obìnrin náà lọ pọn omi, mo yọ́ lọ da àtíkè sílẹ̀ lẹ́yìn aṣọ rẹ̀, bóyá ẹnì kan ń bá a fara pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tí a ṣe tán, ojú ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni mo bá, ó fẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ti là bíi ti àgbẹ̀. Ní Sátidé kẹta, mo fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀. Mo jókòó nínú sítáfù-rúùmù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi nígbà kan pé òun ti rí iṣẹ́ tuntun. Wọn kò jọra rárá. Mo lọ sọ fún ìyá mi pé ohùn ọ̀hún kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀fun tó ti wà nílẹ̀ láti oṣù márùn-ún lo fẹ́ kó dún bíi tàtẹ̀yìnwá, Tíṣà?" Tíṣà ló ń pè mí bí mo bá ti ń ṣàṣejù. N kò lè sọ fún un pé mo ní ohùn tòótọ́ lọ́wọ́. Bí mo bá sọ ọ́, yóò ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ.

Ó wá ku ìbéèrè kan: ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ ilé wa fún obìnrin náà? Ìyàwó mi kì í lè pa ẹnu mọ́. Bàbá Kékeré náà kì í lè pa á mọ́. Mo bá pa irọ́ mẹ́ta, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ ẹni tó gbé tirẹ̀ débẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé aago ọwọ́ àbúrò mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a fi sin ín. Mo sọ fún Bàbá Kékeré pé mo lá àlá pé àbúrò mi ń wá bàtà. Ìyá mi kò sí nínú àwọn tí mo fura sí, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó péye kì í yọ ẹnì kankan sílẹ̀, mo sì ti kọ́ ọmọ tó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bá a ní ìdí ààrò, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, kò yẹ kí n sọ èyí fún yín. Ìwé orin tí ẹ fún un, abẹ́ orí rẹ̀ la gbé e sí."

Ó gbé ọmọrogùn sílẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi etí ìró bo ojú, ó sunkún pẹ́. Láti oṣù márùn-ún, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni sọ fún un nípa bí a ṣe sin ọmọ rẹ̀. Nígbà tó ṣí ojú, ó di ọwọ́ mi mú. "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á ṣe é fún ọ." Mo délé, mo kọ déètì àti wákàtí sílẹ̀.

Ní Sátidé, ohùn náà kò mẹ́nu kan aago, kò mẹ́nu kan bàtà. Ó ní, "Ìyá mi, ìwé orin yín ni mo gbé orí lé. Orí mi ò kan ilẹ̀." Bàbá Kékeré yí ojú sí mi gìrì. Òun náà wà níbi ìsìnkú, ó mọ̀ pé kò sí ìwé kankan nínú sàréè yẹn. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. Inú mi ń dùn, n kò ní purọ́. Ó dá mi lójú pé obìnrin náà ń fi ọgbọ́n fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá mi bó bá ti wọlé lọ kí i, ó sì ń tà á padà fún un.

Mo lè sọ fún ìyá mi nílé ní jẹ́jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n nísinsìnyí, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí kò ní ẹlẹ́rìí kò wù mí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ṣí yàrá ẹrù, mo mú ìwé orin náà, mo fi í sínú báàgì ilé ẹ̀kọ́ mi.

Bí ohùn náà ti ń kí ìyá mi lọ́wọ́, mo dìde. Mo pe àwọn tó wà lábẹ́ igi kájú pé kí wọ́n wá gbọ́. Ohùn tí mo fi ń pe kíláàsì ni mo lò, wọ́n sì wá. Mo ní kí obìnrin náà sọ ohun tó wà lábẹ́ orí àbúrò mi. Mo ní, "Ẹ sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé orin, àbí?" Mo ṣí báàgì, mo gbé ìwé náà sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i. "Ìwé orin náà rèé! A kò sin ín. Èmi ni mo hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, kí n lè mú yín."

Àwọn èèyàn kùn. Mo yíjú láti wo ìyá mi, bóyá ojú rẹ̀ ti là. Kò wo obìnrin náà. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ló ń wò. Ó rìn wá, ó gbà á, ó ṣí èèpo rẹ̀, ó rí bírò aláwọ̀ ewé. Ìgbà yẹn ló yé mi ohun tí mo ṣe. Nǹkan ọmọ rẹ̀ tó kọ́kọ́ fojú kàn láti ọjọ́ ikú, mo gbé e jáde lójú àlejò, bí ẹni gbé ẹran tí olè jí lé olè lórí. Ó fi ìwé náà sábẹ́ apá. Kò fi í sílẹ̀ mọ́ títí a fi gbé e sí abẹ́ orí òun fúnra rẹ̀ nínú pósí, ní ọdún méjì lẹ́yìn náà.

Obìnrin náà ká aṣọ funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jáde. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, ẹ ti jàre. Ẹ mú màmá yín lọ sílé. Àmọ́, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ o." Ọmọbìnrin kan tó pọn ọmọ ti ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, torí kò tíì kàn án. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo gbọ́ pé obìnrin náà ti ti ilé rẹ̀, ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ kan lápá Òkè-Ọdẹ.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn Sátidé yẹn ni ìyá mi tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó tún ti dẹ́kun oúnjẹ. Ó jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú atẹ, ìwé orin wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fa àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí obìnrin náà ṣe ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fura. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ dé ìparí.

"Kò fa nǹkan kan lẹ́nu mi," ó ní. "Èmi ni mò ń sọ fún un. Bí mo bá ti wọlé, màá sọ ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ mi bá mi sọ lọ́jọ́ náà, yóò sì bá mi sọ ọ́. Igi kájú. Ajá. Ìwé orin. Ó mọ̀, mo mọ̀."

Mo ní, "Màmá, kí wá ni ẹ ń lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ibo ni kí n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀? Ẹ ti já fọ́tò rẹ̀. Bí mo bá lanu, ẹ ó wúkọ́." Ó bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́ta, mẹ́rin. "Ọpẹ́ tó dá ọ lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ wá, èmi náà ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó o ti ti Èkó dé ni mo ti rí ojú rẹ. Nǹkan kan ń jẹ ọ́. Mo ní kó fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀."

Adìyẹ kan ń ṣa èèpo ẹ̀gúsí nílẹ̀, òun ni mò ń wò.

Ó ní, "Ó dáa. Obìnrin yẹn ti lọ, ìwọ lo kù. Kí ni ọmọ mi bá ọ sọ kẹ́yìn?"

Gbogbo rẹ̀ wà nínú ọ̀fun mi: fóònù, ìwé ìdánwò, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n má fi kún un. Mo ní, "Ó ní kí n kí yín, Màmá. Ó ní kí ẹ má sunkún. Ó ní òun dúpẹ́."

Ó fẹ́ èèpo kúrò lórí ẹ̀gúsí.

"Obìnrin yẹn mọ̀ ọ́n sọ jù ọ́ lọ," ó ní. Ó mú ìwé orin rẹ̀, ó gbé atẹ, ó wọlé, kò sì bi mí mọ́ títí ó fi kú.